Jẹ́ẹ̀lì Afoorudì àti Egbò Àdáàjinná: Àlàyé Lórí Bí A Ṣe Lè La Ọ̀nà fún Ẹ̀jẹ̀, Pẹ̀lú Àkíyèsí Láti Idu, Àbújá

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé ní èdè Yorùbá ọ̀nà kan tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń tọ̀ láti mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun hù lójú egbò àdáàjinná. Ọ̀nà náà ni jẹ́ẹ̀lì tó ń ṣàn bí omi nínú òtútù, tó ń dì nígbà tí ooru ara bá kàn án, tó sì ń tú oògùn inú rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. A lo àpẹẹrẹ inú ilé ìdáná Yorùbá láti fi ìwà jẹ́ẹ̀lì náà hàn. A wo Idu ní Àbújá, níbi tí ilé ìwádìí oògùn ti ìjọba àpapọ̀ wà, a sì fi hàn pé ooru tó ń mú jẹ́ẹ̀lì náà dì lára aláìsàn kò jìnnà sí ooru ọ̀sán ní àdúgbò náà. Èrò wa ni pé ọ̀rọ̀ bí a ó ṣe tọ́jú irú oògùn bẹ́ẹ̀ pamọ́ ló yẹ kó ṣáájú nínú iṣẹ́ náà, kì í ṣe kó kẹ́yìn.

Ìfáárà

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, dókítà kan sọ fún ẹ̀gbọ́n màmá mi, tí àtọ̀gbẹ ti ń bá fínra fún ìgbà pípẹ́, pé: "Màmá, ẹ̀jẹ̀ ò dé ẹsẹ̀ yín dáadáa mọ́." Yorùbá tó dán mọ́rán ni dókítà náà sọ. Nígbà tí a délé, Màmá ní kí n bá àwọn ra oògùn ẹ̀jẹ̀, èyí tó pupa nínú ìgò, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ àwọn ti dínkù. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé ẹ̀jẹ̀ kò tó. Ohun tí dókítà sọ ni pé ẹ̀jẹ̀ wà, ọ̀nà tí yóò gbà dé ẹsẹ̀ ni kò sí. Oṣù méjì ni wọ́n fi mu oògùn ẹ̀jẹ̀ náà. Ìka ẹsẹ̀ méjì ni wọ́n gé níkẹyìn.

Mo fi ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú nítorí pé iṣẹ́ èdè ni mo fẹ́ ṣe níbí. Èmi kì í ṣe oníṣègùn, n kì í sì í ṣe apòògùn. Olùkọ́ èdè ni mí. Ṣùgbọ́n bí a kò bá rí ọ̀rọ̀ tí yóò ya "ẹ̀jẹ̀ kò tó" sọ́tọ̀ kúrò lára "ẹ̀jẹ̀ kò rọ́nà", aláìsàn yóò máa ra oògùn ohun tí kò ṣe é.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ẹnì kan. Ìwádìí kan tí a ṣe ní ilé-ìwòsàn ńlá mẹ́fà ní Nàìjíríà láti oṣù Ẹrẹ́nà 2016 sí oṣù Ẹrẹ́nà 2017, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2019, tẹ̀lé aláìsàn 336 tí wọ́n dá dúró sílé-ìwòsàn nítorí egbò ẹsẹ̀ àtọ̀gbẹ. Àwọn 119 ni wọ́n gé ẹsẹ̀ tàbí ìka ẹsẹ̀ wọn. Àwọn 69 kò padà sílé láàyè.

Ẹ̀jẹ̀ tí kò rọ́nà

Gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara ló ń jẹ, ló sì ń mí. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ ọ́síjìn wá bá wọn. Bí ọ́síjìn bá ti jáde kúrò nínú iṣan, kò lè rìn jìnnà mọ́. Ìrìn rẹ̀ kì í sábà ju ìdá kan nínú márùn-ún mìlímítà kan lọ, ìyẹn nǹkan bí ìbú irun orí méjì tàbí mẹ́ta tí a tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Sẹ́ẹ̀lì tó bá jìnnà sí iṣan ju bẹ́ẹ̀ lọ, ebi ni yóò pa á kú. Ìdí nìyí tí iṣan tín-ín-rín fi la gbogbo ara já bí ọ̀nà oko.

Nígbà tí nǹkan bá gé wa lára, àwọn iṣan tín-ín-rín tó wà níbẹ̀ a já. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ọ́síjìn kò dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́ a tú èròjà kan jáde, èròjà náà a lọ bá iṣan tó wà nítòsí. Ara iṣan náà a yọ ọ̀mùnú, ọ̀mùnú a gùn, a kọrí síbi tí ìpè ti wá, bí ìtàkùn iṣu ṣe ń wá igi tí yóò gùn. Purotéènì ni èròjà tí a ń wí yìí. Mo pè é ní èròjà amúṣanhù nínú iṣẹ́ yìí, nítorí pé ó ń mú iṣan hù. Ẹlẹgbẹ́ mi kan dábàá "èròjà ìdàgbàsókè", ṣùgbọ́n àwọn olóṣèlú ti lo ìdàgbàsókè gbó, àti pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbí ju kí ohun tó wà tẹ́lẹ̀ máa tóbi sí i: ohun tí kò sí níbẹ̀ ló ń hù.

Nínú ara ẹni tí àtọ̀gbẹ ti ń bá jà fún ìgbà pípẹ́, ìpè yìí kì í lágbára mọ́, iṣan tó yẹ kó dáhùn sì ti le tàbí kó ti dí. Nínú àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tó ti tẹ̀ bí dòjé a máa dí iṣan tín-ín-rín. Egbò a yọ ní àyíká kókósẹ̀, a san, a tún padà, nígbà mìíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Inú ìwádìí jẹjẹrẹ ni púpọ̀ nínú ìmọ̀ yìí ti jáde. Ní 1971, Judah Folkman, oníṣẹ́ abẹ kan ní Boston, kọ ọ́ pé kókó jẹjẹrẹ kò lè tóbi bí kò bá pe iṣan ẹ̀jẹ̀ wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ní 1983, Donald Senger, Harold Dvorak àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rí purotéènì kan tó ń mú iṣan jò. Ní 1989, Napoleone Ferrara àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní California yọ irú purotéènì bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní VEGF; ẹ̀yìn ìgbà náà ni a mọ̀ pé ọ̀kan náà ni méjèèjì. Oògùn bevacizumab, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2004, ṣe ló ń pa VEGF lẹ́nu mọ́ kí ebi lè pa jẹjẹrẹ. Àwa tí a ń wá ìwòsàn egbò, òdìkejì rẹ̀ gan-an là ń wá. Ẹni tó bá fẹ́ rán irú ońṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ inú ara gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ońṣẹ́ náà yóò dúró sí.

Ońṣẹ́ tí kì í dúró

Èrò tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn àwọn oníṣègùn rọrùn: bí ìpè ara kò bá lágbára, kí á fi èròjà amúṣanhù kún un. Wọ́n dán an wò lára àwọn tí iṣan ọkàn wọn ti dí. Nínú ìdánwò kan tí wọ́n pè ní VIVA, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2003, aláìsàn 178 ló kópa. Wọ́n fún àwọn kan ní VEGF, wọ́n sì fún àwọn yòókù ní oògùn àfarawé tí kò ní nǹkan kan nínú. Lẹ́yìn 60 ọjọ́, kò sí ìyàtọ̀ tó ṣe é dì mú láàárín wọn.

Ọ̀kan lára ohun tí a gbà pé ó fà á ni pé VEGF tí a bá fà sínú ẹ̀jẹ̀ kì í lò tó wákàtí kan kí ìdajì rẹ̀ tó pòórá. Iṣan kì í hù ní wákàtí kan. Ó gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí ọ̀mùnú tó yọ, kí ó tó gùn, kí ó tó pàdé òmíràn kí ẹ̀jẹ̀ tó lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ó dà bí ìgbà tí a ní kí ẹnì kan lọ pe àwọn ọ̀dọ́ jáde wá lànà, tó kígbe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ẹnu ọ̀nà ìlú, tó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. A kò sì lè sọ pé kí á kúkú rọ oògùn náà pọ̀. Àpọ̀jù VEGF a máa já ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, iṣan tó bá sì hù nípa àpọ̀jù rẹ̀ a máa jò.

Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn ojú egbò kan ní 1997 fún egbò ẹsẹ̀ àtọ̀gbẹ, orúkọ rẹ̀ ni becaplermin. Ìbátan VEGF ni purotéènì inú rẹ̀, inú jẹ́ẹ̀lì ni wọ́n sì pò ó mọ́. Ojoojúmọ́ là ń fi í sójú egbò, inú fíríìjì la sì ń tọ́jú rẹ̀ sí. Ní 2008, wọ́n ní kí a kọ ìkìlọ̀ nípa jẹjẹrẹ sí i lára. Ìgbésẹ̀ ńlá ni oògùn náà, ṣùgbọ́n jẹ́ẹ̀lì lásán ni jẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀. Kò mọ ìgbà tó dé inú ara. Bó ṣe wà nínú ọ̀pá tí wọ́n rọ ọ́ sí náà ló ṣe wà lójú egbò.

Jẹ́ẹ̀lì tó mọ̀ pé òun ti dé inú ara

Gbogbo wa ti jẹ jẹ́ẹ̀lì olómi rí. Bí a bá da ìyẹ̀fun àpọ̀n díẹ̀ sínú omi gbígbóná, a wú, a sì máa fà. Omi ló pọ̀ jù nínú ìkòkò náà, ṣùgbọ́n omi ọ̀hún kò lè ṣàn bó ṣe wù ú mọ́, nítorí pé àwọn fọ́nrán gígùn tí ojú kò lè rí ti dì í mú. Ìlànà kan náà nìyẹn: fọ́nrán díẹ̀ tó so omi púpọ̀ mọ́lẹ̀.

Jẹ́ẹ̀lì tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìwà kan tó ṣàjèjì. Ẹ wo ẹ̀kọ. Nígbà tó wà lórí iná, ó ń ṣàn, a lè bù ú sínú ewé. Bó bá tutù, a dì. Òrí náà bẹ́ẹ̀: ọyẹ́ a mú un le, oòrùn a yọ́ ọ. Jẹ́ẹ̀lì afoorudì kẹ̀yìn sí ẹ̀kọ àti òrí. Inú òtútù ló ti ń ṣàn, inú ooru ló ti ń dì. Ẹnì kan lè béèrè pé ẹyin ńkọ́, ṣé kì í ṣe ooru ló ń mú un dì? Òótọ́ ni, mọ́ínmọ́ín pàápàá bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹyin tó bá ti jinná kò tún lè padà di omi láéláé, bí a tilẹ̀ gbé e sínú yìnyín. Jẹ́ẹ̀lì tiwa yìí a máa padà. Gbé e sínú fíríìjì, yóò tún ṣàn. Kí òǹkàwé jọ̀wọ́ fi ọ̀rọ̀ ẹyin yìí sọ́kàn, a ó tún padà sí i.

Kí ló ń mú un ṣe bẹ́ẹ̀? Fọ́nrán tí wọ́n fi ṣe é ní ìwà méjì: apá kan rẹ̀ fẹ́ràn omi, apá kejì kò fẹ́ bá omi dọ́rẹ̀ẹ́. Nínú òtútù, omi a tò yí fọ́nrán náà ká létòlétò, títí kan apá tí kò fẹ́ràn rẹ̀, olúkúlùkù fọ́nrán a sì máa lúwẹ̀ẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ooru bá pọ̀ dé ìwọ̀n kan, omi tó tò yìí a tú ká. Àwọn apá tí kò fẹ́ràn omi a wá máa rọ́ mọ́ ara wọn, wọn a so kọ́ra bí àwọ̀n, omi a sì há sáàárín àwọ̀n náà. Nǹkan ìṣẹ́jú díẹ̀ ni.

Oríṣi irú fọ́nrán bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ní 1968, Heskins àti Guillet ní Kánádà kọ̀wé lórí ọ̀kan tí orúkọ rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gé e kúrú sí PNIPAM. Ní nǹkan bí 32°C ni ìwà rẹ̀ ń yí padà. Poloxamer 407 ni èkejì, èyí tí àwọn apòògùn ti mọ̀ dáadáa: bí a bá po ìwọ̀n márùn-ún omi mọ́ ìwọ̀n kan rẹ̀ tàbí kí omi dín díẹ̀, yóò máa ṣàn nínú fíríìjì, yóò sì dì ní àyíká 25°C. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í pẹ́ yọ́ dànù nínú ara. Ẹ̀kẹta ni chitosan, tí wọ́n ń rí láti ara èèpo edé àti akàn, irú èyí tí à ń dà nù ní Ẹ̀pẹ́ àti ní etíkun Ìlàjẹ. Ní 2000, àwọn onímọ̀ kan ní Kánádà fi hàn pé bí a bá po irú iyọ̀ kan báyìí mọ́ ọn, yóò ṣàn ní tútù, yóò sì dì ní ìwọ̀n ooru ara, 37°C. Ara lè fọ́ ọn túútúú bó bá yá, èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀ fún PNIPAM.

Bí wọ́n ṣe ń lò ó nìyí. Wọ́n a po èròjà amúṣanhù mọ́ jẹ́ẹ̀lì nígbà tó ṣì tutù, wọ́n a fi abẹ́rẹ́ fà á, wọ́n a sì rọ ọ́ sínú egbò. Nítorí pé ó ń ṣàn, kò sí kọ̀rọ̀ egbò tí kò ní dé. Ooru ara a mú un dì síbẹ̀. Láti ìgbà náà, ońṣẹ́ tí kì í dúró ti wà nínú àgọ́: yóò máa yọ jáde díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀, ìpè náà kò sì ní dákẹ́. Àwọn kan tún ń fi heparin há a, nítorí pé VEGF a máa rọ̀ mọ́ heparin, ìyẹn sì ń dín eré rẹ̀ kù. Lára eku àti ehoro ni ọ̀pọ̀ jù lọ iṣẹ́ yìí ti wáyé. Ọ̀nà ṣì jìn kó tó dé ọwọ́ nọ́ọ̀sì.

Ooru Idu

Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ Idu sí ibùdókọ̀ ojú irin tí wọ́n ti ń wọkọ̀ lọ sí Kàdúná. Ibẹ̀ náà ni NIPRD wà, ilé ìwádìí oògùn tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1987. Bí irú oògùn tí à ń wí yìí yóò bá di tiwa lọ́jọ́ kan, ó ṣeé ṣe kí ìdánwò rẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà ilé náà kọjá. Nítorí náà ni mo fi fẹ́ kí á dúró ní Idu ní agogo méjì ọ̀sán nínú oṣù Ẹrẹ́nà.

Ooru a máa ju 35°C lọ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Poloxamer tó ń dì ní àyíká 25°C yóò ti dì nínú ìgò rẹ̀ kí apòògùn tó fọwọ́ kàn án. PNIPAM tó ń yí padà ní 32°C náà kò ní yè é. Ní ìlú olótùútù, ooru ara ènìyàn nìkan ló lè jí jẹ́ẹ̀lì yìí. Níbí, ẹ̀yìn mọ́tò lásán ti tó.

Ẹni tó bá yá lójú yóò ní kí á kúkú gbé ìwọ̀n náà sókè. Ó ṣe é ṣe lóòótọ́. Bí wọ́n bá fi apá tó fẹ́ràn omi kún fọ́nrán náà, ìwọ̀n ooru tó ń mú un dì a lọ sókè. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó bá ti tọ́jú egbò àtọ̀gbẹ rí mọ ohun tí yóò dojú èyí dé. Ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kò dé, ẹsẹ̀ tútù ni. Awọ ẹsẹ̀ kì í sábà gbóná tó 37°C lára ẹni tí ara rẹ̀ le pàápàá, áńbọ̀sì ẹni tí iṣan rẹ̀ ti dí, nínú ọyẹ́. Bí a bá ṣe jẹ́ẹ̀lì tí kò ní dì nínú ooru Idu, ó lè má dì lórí ẹsẹ̀ tó nílò rẹ̀ jù lọ. Ibi tí ooru ìta ti pọ̀ ju ooru ẹsẹ̀ aláìsàn lọ, kò sí ìwọ̀n kan tó lè tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn. Mo rò pé ibí yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà so kọ́ sí fún wa, n kò sì rò pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Montreal tàbí ní Tokyo yóò bá wa rò ó.

Ọ̀nà kan wà tó fi ara jọ àbájáde. Ní Japan, oògùn egbò kan, trafermin, ti wà lọ́jà láti 2001. Èròjà amúṣanhù ni òun náà. Gbígbẹ ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀, bí ìyẹ̀fun. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ lò ó ni wọ́n ń fi omi pò ó, wọn a sì fín in sójú egbò. Bí a bá ya èròjà àti jẹ́ẹ̀lì sọ́tọ̀ báyìí, tí a kò pò wọ́n pọ̀ títí di ojú aláìsàn, ewu ìpamọ́ yóò dín kù. Fíríìjì kò sì ní kúrò níbẹ̀ pátápátá.

Ẹ̀rí pé Idu lè ṣiṣẹ́ wà. NIPRD ló ṣe ìwádìí Niprisan, oògùn fòníkú-fọ̀ladìde tí ìlànà rẹ̀ wá láti ọwọ́ oníṣègùn ìbílẹ̀ Yorùbá, Rẹ́fúrẹ́ǹdì P. O. Ogunyale. Iyèré, osùn, kànáfùrù àti ọkà bàbà ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n dán an wò lára ènìyàn, wọ́n fún ilé-iṣẹ́ Xechem ti Amẹ́ríkà ní àṣẹ láti máa ṣe é, ó sì jáde sọ́jà ní 2006 pẹ̀lú orúkọ Nicosan. Ní 2008, Xechem wọ gbèsè, oògùn náà sì wọ́n. Kì í ṣe yàrá ìwádìí ló já àwọn aláìsàn kulẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tí ìwádìí ti parí ni okùn já.

Ohun tí a ó kọ sí ìgò

Mo ti ní kí òǹkàwé rántí ẹyin. Inú ìgò kan náà ni ohun méjì tí ìwà wọn takora wà. Jẹ́ẹ̀lì a máa dì, a sì máa padà. Purotéènì inú rẹ̀ dà bí ẹyin ju bẹ́ẹ̀ lọ: ooru ọjọ́ kan lè má ṣe é ní nǹkan púpọ̀, ṣùgbọ́n ooru ọjọ́ dé ọjọ́ a máa ba agbára rẹ̀ jẹ́, fíríìjì kò sì lè dá agbára náà padà. Mo gbìyànjú láti kọ ohun tí a lè lẹ̀ mọ́ ìgò irú oògùn bẹ́ẹ̀, ní Yorùbá tí kò lọ́jú pọ̀:

"Inú fíríìjì ni kí ẹ tọ́jú oògùn yìí sí. Omi ló gbọ́dọ̀ jẹ́ nígbà tí ẹ bá fẹ́ lò ó. Bí ẹ bá rí i pé ó ti dì nínú ìgò, ẹ má ṣe gbé e padà sínú fíríìjì pé kó yọ́. Ẹ dá a padà fún apòògùn."

Mo kà á fún Màmá. Wọ́n ní ó yé àwọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè pé: "Bí iná bá lọ lóru ní ṣọ́ọ̀bù apòògùn ńkọ́, tó dì, tí iná dé, tó tún yọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́? Ta ni yóò mọ̀?"

Ìwé tí mo kọ kò dáhùn ìyẹn. Ojú kò lè mọ̀ ọ́n, nítorí pé jẹ́ẹ̀lì náà fúnra rẹ̀ ti bo ẹ̀sùn mọ́lẹ̀. Ohun tó lè dáhùn rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wa tipẹ́. Láti 1996 ni wọ́n ti ń lẹ àmì kékeré kan mọ́ ìgò àjẹsára rọpárọsẹ̀ tí wọ́n ń kán sọ́mọdé lẹ́nu: òbìrí kan tó ní igun mẹ́rin tó mọ́ nínú. Bí ooru bá ṣe ń kàn án ni igun mẹ́rin náà ń dúdú sí i. Bó bá ti dúdú tó òbìrí tó yí i ká, wọn kò ní lo ìgò náà mọ́. Kò sì sí fíríìjì tó lè sọ ọ́ di mímọ́ padà.

Mo ya àmì náà fún Màmá sí ẹ̀yìn ìwé. Wọ́n ní àwọn mọ̀ ọ́n. Àwọn ti rí i lọ́wọ́ àwọn tó máa ń wá kán àjẹsára sẹ́nu àwọn ọmọ-ọmọ àwọn, àwọn kàn rò pé òǹtẹ̀ ìjọba ni.